Òṣùwọ̀n fún Ohun tí Ọmọ Kọ́ Níta Ilé Ìwé: Ìwé Ìmúrasílẹ̀ fún Ìpàdé Oríòkè-Ìwàmímọ́

 

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ohùn àti gbólóhùn tí ẹ mọ̀ mí mọ́. Àwọn ará ilé ló ránṣẹ́ sí mi. Ìpàdé kan ń bọ̀ ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, létí òkun wa ní Ìlàjẹ. Àwọn olùkọ́ á wà níbẹ̀, àwọn òbí, àwọn apẹja, àwọn tó ń kan ọkọ̀, àwọn ìyá tó ń yan ẹja, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọmọdé ní kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò ni pé àwọn ọmọ wa ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò níta ilé ìwé. Báwo la ó ṣe mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́? Báwo la ó ṣe wọ̀n ọ́n? Wọ́n ní kí n kọ nǹkan tí gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ kà, kí a má baà débẹ̀ ká máa wojú ara wa. Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní lè wá, ẹ máa bá wa kà á lọ, torí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Ìlàjẹ nìkan.

Àṣìṣe tèmi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó máa kọ́ ẹlòmíràn.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní yunifásítì, mo bá àwọn kan lọ dán àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní abúlé kan lágbègbè omi. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó rán wa níṣẹ́. Bébà la gbé lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lórí ẹ̀. Ìbéèrè kan níbẹ̀ sọ pé garawa síméńtì kan ni wọ́n ń pò mọ́ garawa yanrìn mẹ́rin. Bí yanrìn bá jẹ́ garawa méjìlá, síméńtì á jẹ́ mélòó? Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ kò kọ nǹkan kan sí i. Mo kọ òdo fún un.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ yìí kan náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé wa padà. Òun ló po epo. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù àti ọ́ìlì pọ̀ kì í gba ìpòkupò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ìwọ̀n 50 sí 1. Bí ọ́ìlì bá kéré, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì lẹ̀ pa. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín á máa yọ, iná pílọ́ọ̀gì á sì máa kú. Ìgò kan wà lọ́wọ́ ọmọ náà tí wọ́n ti fi ìṣó fa ìlà méjì sí lára. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni wọ́n ń lò. Bí ó bá kún, ọ́ìlì á dé ìlà òkè, ìyẹn ìdajì lítà. Bí ó bá jẹ́ ààbọ̀, ìlà ìsàlẹ̀ ni. Mo bi í pé bí ó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan àti ààbọ̀ ńkọ́? Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó fi ìka kan ìlà òkè, ó tún fi kan ìlà ìsàlẹ̀, ó ní, "Eléyìí, ká tún wá bu eléyìí kún un."

Ṣebí ìṣirò kan náà ni! Ìdá kan sí mẹ́rin àti ìdá kan sí àádọ́ta, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Abúlé inú ẹrẹ̀ ni abúlé yẹn, pákó àti òpó ni wọ́n fi kọ́lé, ọmọ náà kò rí ibi tí wọ́n ti ń po síméńtì rí. Mo mọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn pé òdo tí mo kọ kò tọ́. Ṣùgbọ́n bébà wa kò ní àyè tí mo lè kọ ohun tí mo rí sí. Òdo yẹn ló lọ sí ọ́fíìsì.

Kí là ń pè ní ẹ̀kọ́ ìta ilé ìwé?

Ẹ̀ka mẹ́rin ni àwọn èèyàn máa ń so pọ̀ lónìí: sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìṣirò. Ẹ̀kọ́ ìta ilé ìwé ni èyí tí ọmọ rí kọ́ nílé, lójú omi, nínú ṣọ́ọ̀bù, nínú ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́, lórí rédíò tàbí lórí fóònù, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ kàn wo yíká. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ lọ dẹ àwọ̀n mọ̀ pé omi òkun máa ń kún, ó máa ń fà, ó tún máa ń kún. Ó mọ̀ pé àsìkò tó kún lónìí kọ́ ni yóò kún lọ́la. Yóò fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i. Ó mọ̀ pé bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi á kún ju ti ìyókù oṣù lọ. Ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹja yíyan mọ̀ pé omi ara ẹja ló ń bà á jẹ́, pé iná jẹ́ẹ́jẹ́ àti èéfín ló ń gbẹ ẹ́, àti pé iná ńlá á jó ìta nígbà tí inú ṣì tutù. Níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ọmọ ń rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ pákó, bí wọ́n ṣe ń dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, àti ìdí tí ìdí ọkọ̀ kan fi fẹ̀ tí ti òmíràn fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ayétòrò tó wà nítòsí wa, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, di ìlú tí a mọ̀ fún ọkọ̀ kíkàn àti iṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi. Ojú iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ ká mọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ò lè ní kí onímọ̀ èdè má dúró lórí ọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́ ni *kọ́*. Nínú èdè wa, "mo kọ́ iṣẹ́" àti "mo kọ́ ọmọ níṣẹ́", ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni. Ẹni tó ń gbà àti ẹni tó ń fúnni jọ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá fẹ́ wọn ohun tí ọmọ kọ́, ẹ jẹ́ ká rántí béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Ìkejì ni *ìdánwò*. Láti ara "dán wò" ló ti wá: ká gbìyànjú nǹkan ká sì wo bí yóò ti rí. Ọkọ̀ tuntun, ojú omi la ti ń dán an wò. Kò sẹ́ni tó ń bi ọkọ̀ ní ìbéèrè lórí bébà. Ilé ìwé ló sọ ìdánwò di ohun tí ń já ọmọ láyà.

Ìkẹta ni *òṣùwọ̀n*. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàárì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn aṣọ. Bí ẹnì kan bá gbé kóńgò wá wọn aṣọ, aṣọ kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Òṣùwọ̀n tí kò bá ohun tí a ń wọ̀n mu, òṣùwọ̀n èké ni, bí ẹni tó dì í mú tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí

A kọ́ la kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ní àwọn ọdún 1960, John Gay àti Michael Cole lọ wádìí ní Làìbéríà ìdí tí ìṣirò ilé ìwé fi ń ṣòro fún àwọn ọmọ Kpelle. Àgbẹ̀ onírẹsì ni àwọn Kpelle, ife àti garawa ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì tà. Nígbà tí wọ́n kó ìrẹsì kalẹ̀ tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn fojú díwọ̀n iye ife tó wà níbẹ̀, àwọn Kpelle ṣe é dáadáa ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Ìwé tí àwọn méjèèjì kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò kọ́kọ́ wo ìṣirò tó ti wà nílé rẹ̀.

Èkejì wá láti Recife, ní Bràsíl, ìlú etíkun bíi tiwa. Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann lọ bá àwọn ọmọ márùn-ún tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 15, tí wọ́n ń tajà lọ́jà àti lójú pópó. Wọ́n ṣe bí oníbàárà: àgbọn kan jẹ́ iye báyìí, mẹ́wàá ńkọ́? Àwọn ọmọ náà gba 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ìṣirò kan náà sórí bébà bí ilé ìwé ti ń kọ ọ́, láìsí àgbọn, láìsí owó. Nǹkan bí 37 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà. Ní 1985 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ọmọ kan náà, orí kan náà, ìṣirò kan náà. Ọ̀nà tí a gbà bi í nìkan ló yí padà.

Ẹ̀kẹta, tiwa ni. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ. Inú ilé ìwé ni ètò yìí ti wáyé, ṣùgbọ́n ó kàn wá: bí a bá fi èdè tí ọmọ kò fi kọ́ nǹkan bi í léèrè, èdè là ń wọ̀n, kì í ṣe nǹkan náà.

Ní àwọn ọdún 1980, Helen Verran, tó ń bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, rí olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Dípò rúlà, ó fún wọn ní okùn àti páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn ọmọ á fi okùn wọn ara, wọ́n á wé okùn náà mọ́ páálí, wọ́n á sì ka iye ìgbà tó yí i po. Ó kọ́kọ́ rú Verran lójú, torí ọ̀nà tí wọ́n ní kí olùkọ́ gbà kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mọ ìwọ̀n. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 2001.

Kí gan-an la fẹ́ wọ̀n?

Ibí ni ìpàdé máa ń dàrú sí. Ẹnì kan á ní ká ka iye ọmọ tó wá. Iye ọmọ tó wá dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ kó má mọ ọkọ̀ wà. Ní 2009, àjọ National Research Council ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde tó pín ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ìta ilé ìwé sí ọ̀nà mẹ́fà. Ẹ jẹ́ n fi ti ilé wa ṣàlàyé wọn.

Ọ̀kan: ṣé ọmọ náà ní ìtara? Ṣé ó ń béèrè ìdí tí omi fi ń dán lóru?

Èjì: ṣé ó yé e? Ṣé ó lè ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ onípákó fi léfòó tí ìṣó tí wọ́n fi kàn án sì ń rì?

Ẹ̀ta: ṣé ó lè dán nǹkan wò, kó wo èsì, kó sì yí èrò rẹ̀ padà?

Ẹ̀rin: ṣé ó mọ bí ìmọ̀ ṣe ń di ìmọ̀, pé àgbà pàápàá lè ṣàṣìṣe, àti pé ẹ̀rí ló ń parí àríyànjiyàn?

Àrún: ṣé ó lè bá ẹlòmíràn ṣe é, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti èdè iṣẹ́ náà?

Ẹ̀fà: ṣé ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí?

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Òdo tí mo kọ sọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti ṣọṣẹ́. Ó sọ fún ọmọ kan pé ìṣirò kì í ṣe tirẹ̀.

Báwo la ó ṣe ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọmọ níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ wà. Ní Íńdíà, àjọ Pratham bẹ̀rẹ̀ ètò ASER ní 2005: wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, pẹ̀lú ìwé kékeré kan ní èdè tó gbọ́. Ní 2009, Uwezo bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Ùgáńdà. LEARNigeria sì ti gbé e wá sí ilẹ̀ tiwa. Ìwé kíkà àti ìṣirò ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ ṣeé mú lò: ọmọ tí kò sí nílé ìwé pàápàá kò ní sọnù nínú ìṣirò.

Lẹ́yìn náà, ká ní kó ṣe é kí a tó ní kó sọ ọ́. "Bá mi po epo yìí." Kó ṣe é tán ká tó béèrè pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ báyìí?" Ká wá yí nǹkan kan padà, bóyá kẹ́ẹ̀gì tí kò rí rí, ká wo bóyá ìmọ̀ náà á bá a débẹ̀. Ká kọ ohun tí a rí sílẹ̀ bó ti rí gan-an, kì í ṣe máàkì nìkan. Ká ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ká tún ṣe é lópin, torí bí a kò bá mọ ibi tí ọmọ ti gbéra, a ò lè sọ bí ó ti rìn tó.

Ní ti èdè, Ìlàjẹ ni ká fi bi wọ́n. Yorùbá inú ìwé kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Oríòkè fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka èdè gúúsù-ìlà-oòrùn ni tiwa, bíi ti Ìkálẹ̀, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀. A máa ń fi *u* bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ sá wo orúkọ Ugbó. Ẹni tó máa bi ọmọ léèrè gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja àti irinṣẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ní gbogbo ohun tí ọmọ bá mú nílé wá ló tọ́. Ẹ wo álọ́ọ̀mù. Ọmọ wa mọ̀ pé bí a bá po ó mọ́ omi tó dàrú, ẹrẹ̀ á so pọ̀, á sì rọ̀ sílẹ̀, omi á mọ́ lójú. Sáyẹ́ǹsì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní omi tó mọ́ lójú ti di omi mímu, kò tíì mọ̀ ọ́n tán, torí kòkòrò àìsàn tí ojú kò rí ṣì lè wà níbẹ̀. Ó yẹ ká sè é tàbí ká fi oògùn omi sí i. Òṣùwọ̀n tó dára gbọ́dọ̀ fi méjèèjì hàn, ibi tí ọmọ dé àti ibi tó kù.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpàdé yìí gbé e lẹ́sẹ̀ pé ọmọ tó mọ ẹja yan kò nílò ilé ìwé mọ́. Ìgò olílà méjì yẹn dára fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Bí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 18 wá ńkọ́? Ilé ìwé ló yẹ kó fún un ní ọ̀nà tí yóò bá gbogbo kẹ́ẹ̀gì ayé mu. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Bí a bá lọ wo ibi ọkọ̀ kíkàn nìkan, ọmọkùnrin nìkan la máa rí, a ó wá jókòó sọ pé ọmọbìnrin wa kò mọ nǹkan kan.

Paríparì rẹ̀, ká má sọ eré ọmọ di wáyẹ̀ẹ̀kì. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé máàkì là ń wá, kò ní béèrè ìdí tí omi fi ń dán mọ́.

Ohun tí ẹ máa mú wá

Kí olúkúlùkù mú nǹkan mẹ́ta wá. Ìkíní, iṣẹ́ kan tí ọmọ ìlú wa mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ ti wò ó ṣe é lójú ara yín. Ìkejì, ìbéèrè kan tí ẹ lè bi í láti mọ̀ bóyá ó yé e tàbí ó kàn ń ṣe bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Ìkẹta, ohun kan tí ẹ ó fi gbà pé èrò yín nípa ọmọ náà kò tọ́. Ìkẹta yìí ló le jù, èmi gan-an kò ní in lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa. Ó ń kó ilé lọ, ó ń kó ilé ìwé lọ, ìdílé sì ń ṣí kiri. Ọmọ tí omi gba kíláàsì rẹ̀, bí ó bá dé ilé ìwé tuntun ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa, bébà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un. Bí kò bá ní ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́ nípa ohun tó mọ̀, iye tó bá gbà lórí bébà yẹn ni wọ́n á máa pè é.

Mi ò mọ ibi tí ọmọ tó po epo wà lónìí. Bó bá wà láyé, á ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Mo ṣì ń rí ìka rẹ̀ lára ìgò yẹn. Bí ìpàdé yín bá lè ṣe bébà kan tó ní àyè fún irú ìka bẹ́ẹ̀, ẹ ti bá mi san gbèsè kan.

Ká pàdé níbẹ̀ o. Ẹ má gbàgbé pé òwúrọ̀ ni ká tètè wọkọ̀, kí omi tó fà.